Ọ̀bẹ Àpò: Àwọn Nǹkan Kéékèèké Tí Ojú Ń Fò Dá

Ọ̀bẹ àpò ni ọ̀bẹ kékeré tí irin rẹ̀ ń ká wọnú èèkù nígbà tí a kò bá lò ó. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa yóò rí kòtò, ihò, gegele àti òrùka lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kà wọ́n sí ọ̀ṣọ́. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìka ọwọ́ ni ẹni tó rọ ọ̀bẹ ń rò nígbà tó fi púpọ̀ nínú wọn síbẹ̀, nítorí ọ̀bẹ tó ń ká ní ewu kan tí ọ̀bẹ ìdáná kò ní: ó lè pa dé mọ́ ọwọ́ ẹni tó mú un.

Kòtò bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ irin nítòsí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ló hàn jù. Ibẹ̀ ni à ń ki èékánná bọ̀ láti fa irin yọ, torí sípíríǹgì ẹ̀yìn èèkù dì í mú gírígírí. Lára àwọn ọ̀bẹ mìíràn, bí a bá ń pa á dé, irin á dúró gbọnyin ní agbedeméjì bí igun ilé. Wọ́n gé ìdí irin náà ní onígun ni, kó lè jókòó sórí sípíríǹgì díẹ̀, kí ẹni tó ń pa á dé sì ráyè kó ìka rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Àwọn àgbà ní bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ àpò lè ba ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ nínú èèkù. Bó bá pa dé pàà, ẹnu rẹ̀ lè lọ gbá sípíríǹgì, kó sì kú. Ohun tó ń dènà èyí ni gegele kékeré tó wà nídìí irin, ní ìhà ẹnu. Òun ló ń kọ́kọ́ kan sípíríǹgì, tí ẹnu ọ̀bẹ kò fi ní í kan nǹkan kan. Ẹni tó bá fi fáìlì ha gegele yìí jù, nítorí pé ṣóńṣó ọ̀bẹ rẹ̀ yọ síta, ẹnu ọ̀bẹ náà ló ń bà jẹ́.

Iwájú gegele yẹn ni a ti ń rí gígé kékeré kan, bí ìdajì òrùka, níbi tí ẹnu ọ̀bẹ ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ iyì rẹ̀ nítorí ọ̀bẹ kan tí mo lò pẹ́, tí kò ní in. Bí mo ti ń pọ́n ọn tó, òkúta kì í dé ìdí ẹnu rẹ̀; ìyókù ń jẹ, ibẹ̀ ò jẹ. Nígbà tó yá, ibẹ̀ yọ síta bí eyín, okùn tí mo bá fẹ́ gé á sì há síbẹ̀.

Ọ̀bẹ àwọn ọmọ ogun Swítsàlandì ló kún fún irú ọgbọ́n báyìí jù. Karl Elsener dá ṣọ́ọ̀bù ọ̀bẹ sílẹ̀ ní Ibach lọ́dún 1884, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ fún ọmọ ogun lọ́dún 1891. Ọ̀bẹ náà ní ohun tí a fi ń ṣí agolo àti sukudiráfà, torí oúnjẹ inú agolo ni ọmọ ogun ń jẹ, ìbọn wọn kò sì ṣe é tú láìsí sukudiráfà. Lọ́dún 1897, Elsener mú kí sípíríǹgì kan náà máa di irinṣẹ́ mú ní ìhà méjèèjì èèkù; bí ohun tí a fi ń fa kọ́ọ̀kì ìgò ṣe ráyè lẹ́yìn ọ̀bẹ nìyẹn, tí ọ̀bẹ kò sì sanra. Gígé tó wà nídìí ohun tí a fi ń ṣí ìgò, awọ wáyà iná ni wọ́n ń fi í bó. Ihò ojú òòlu rẹ̀, òwú ni à ń fà gba ibẹ̀ láti rán awọ tàbí tapólì. Ìkọ́ tí wọ́n fi kún un lọ́dún 1991 ló máa ń rú èèyàn lójú jù. Ẹrù tí a fi okùn dì ni wọ́n ní lọ́kàn: a ó fi ìkọ́ kọ́ okùn, a ó di èèkù mú, okùn kò sì ní gé ìka. Ẹni tó bá ti fọwọ́ gbé lailọ́ọ̀nù mẹ́rin láti ọjà délé mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn atukọ̀ ní tiwọn fẹ́ràn ọ̀bẹ tí kò ní ṣóńṣó, kó má baà gún èèyàn nígbà tí ọkọ̀ bá fì. Spyderco, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, gbé ọ̀bẹ tó ní ihò róbótó lára irin jáde lọ́dún 1981. Àtàǹpàkò nìkan tó láti ṣí i, ì báà jẹ́ ti ọwọ́ òsì.

Ní ilẹ̀ Faransé, Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ ọ̀bẹ onígi tirẹ̀ lọ́dún 1890, kò sì ní títì rárá. Ọdún 1955 ni wọ́n tó fi òrùka irin sí ọrùn rẹ̀: a ó yí i díẹ̀, irin kò sì ní lè ká mọ́ ìka. Láti ọdún 2000 ni òrùka náà ti ń ti ọ̀bẹ pa nígbà tó bá wà ní pípadé pẹ̀lú. Kí àwọn èèyàn wa tó wà ní England kíyè sí títì yìí o: òfin ọdún 1988 yọ̀ǹda ọ̀bẹ tó ń ká, tí ẹnu rẹ̀ kò ju ínǹṣì 3 lọ, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ti dájọ́ pé èyí tó ní títì kò sí lára rẹ̀, àfi bí ẹni tó mú un jáde bá ní ìdí tó gúnmọ́.

Igi èèkù Opinel máa ń wú bí omi bá mu ún, irin á sì há sínú rẹ̀ tí èékánná kò ní lè fà á yọ. Àwọn ará Savoie, níbi tó ti wá, kì í fi agbára fà á. Wọ́n á yí òrùka sílẹ̀, wọ́n á fi ìdí èèkù gbá etí tábìlì lẹ́ẹ̀kan, ṣóńṣó irin á sì yọjú.