Ìkànnì Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ní Àsìkò Pàjáwìrì: Ẹ̀kọ́ fún Ìjọ

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Lóde òní, Facebook àti WhatsApp lè gbé ọ̀rọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí pàjáwìrì bá dé, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè pa ènìyàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2014 fi èyí hàn wá.

Omi iyọ̀ àti Ebola

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, Patrick Sawyer, tí ó ti Liberia wá, gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń kiri pé ẹni tí ó bá fi omi iyọ̀ wẹ̀, tí ó sì mu ún, Ebola kò ní lè mú un. Irọ́ pátápátá ni. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́, nítorí pé ọwọ́ ará àti ọ̀rẹ́ ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Àpọ̀jù iyọ̀ léwu, pàápàá fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ó kéré tán ènìyàn 2 ni ó kú.

Bí òtítọ́ ṣe borí

Àwọn dókítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba kò dákẹ́. Wọ́n sọ òtítọ́ lórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti Twitter, èyí tí orúkọ rẹ̀ di X ní ọdún 2023. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń ṣọ́ àwọn tí ó lé ní 800 tí wọ́n ti súnmọ́ aláìsàn, fún ọjọ́ 21. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola.

Ohun tí ó yẹ kí ìjọ ṣe

1. Kí pàjáwìrì tó dé, ẹ yan ẹni tí yóò máa kéde lórúkọ ìjọ, kí ohùn má bàa pọ̀ jù.

2. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, àti ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe. Bí ìròyìn bá yí padà, ẹ tètè sọ ọ́.

3. Ẹ fi nọ́mbà ìrànlọ́wọ́ sí i: 112 ní Nàìjíríà, tàbí 767 ní Èkó.

4. Bí ẹ bá ń tako irọ́, òtítọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí irọ́ má bàa tún gbilẹ̀.

5. Ẹ má ṣe gbé orúkọ tàbí àwòrán aláìsàn jáde.

6. Ẹ kéde rẹ̀ láti orí pẹpẹ pẹ̀lú, nítorí àwọn àgbàlagbà tí kò ní irú tẹlifóònù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ tiwa náà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp, ó túmọ̀ sí pé ó ti gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọjá. Kò túmọ̀ sí pé òtítọ́ ni. Ẹ wádìí kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ìwé Òwe 14:15 ti kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tí ń gba ohun gbogbo gbọ́. Kí Olúwa fi ìṣọ́ sí ẹnu wa, àti sí ìka wa pẹ̀lú. Àmín.