Bí Ìwé Ti Ṣe Ní Ipò Lórí Pẹpẹ, àti Bí A Ó Ti Fi Í Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ará, ìwé tí kò sí ní ipò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìwé tí olè gbé lọ. Ó wà nínú ilé ìkàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá a kò ní rí i. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ròyìn ibi tí nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé ti wá, àti bí ọmọdé ní ìlú bíi Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ti lè mọ̀ ọ́n kà.

Ètò kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ tí a rán lọ sí ọjà kì í wá èlùbọ́ lọ sí ìsọ̀ àwọn aláta. Àwọn babaláwo pẹ̀lú kó gbogbo ẹsẹ̀ Ifá sí abẹ́ Odù 256, Ogbè ṣíwájú, Ọ̀yẹ̀kú tẹ̀ lé e, láìní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ní ti ìwé, láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, pákó ni nọ́ńbà wà fún. A ó kọ ọ́ sára ìwé pé: pákó kẹta, ìwé kẹwàá. Nígbà tí pákó bá kún, ìyọnu dé, nítorí bí a bá ṣí ìwé nípò, a ní láti tún nọ́ńbà wọn kọ. Melvil Dewey, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé pẹlẹbẹ olójú-ewé 44 jáde ní 1876, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 24. Ó pín ìmọ̀ gbogbo sí ọ̀wọ́ 10, ó tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 10, àti 10 mìíràn lábẹ́ rẹ̀. Ìwé ni ó fún ní nọ́ńbà, kì í ṣe pákó. Bí ìwé tuntun bá dé, àwọn tí wọ́n ti wà níbẹ̀ a kàn sún fún un ni.

Ẹ wo 966.9. Gbogbo ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀ ayé wà ní 900. Áfíríkà ní 960. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 966. Nàìjíríà ní 966.9. Ó dà bí ẹni tí ń júwe ilé fún àlejò: ìlú, àdúgbò, agbo ilé, ìyẹ̀wù. Níbẹ̀ ni ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí yóò ti wá ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé, tí ahoro rẹ̀ wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba tí ìlú tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹnu-ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀yìn pọ́ìntì ni ọmọ ti máa ń ṣìnà. Ẹ fún un ní 496.4 àti 496.333, yóò fi 496.4 ṣíwájú, nítorí ó rò pé 333 ju 4 lọ. Kí a má ṣe nà án. Ìṣirò tí a kọ́ ọ ni ó ń lò. Kí a kọ́ ọ láti ka nọ́ńbà ẹ̀yìn pọ́ìntì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 3 ń bọ̀ ṣáájú 4, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ó dára kí a kọ nọ́ńbà sórí páálí, kí ọmọ mẹ́wàá dì í mú, kí wọ́n sì to ara wọn sí ìlà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìwé.

Ọmọ tí ó gbọ́n yóò bèèrè ìdí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi wà ní 420 lásán, tí Yorùbá sì wà ní 496.333. Kí a má parọ́ fún un. Amẹ́ríkà ni ẹni tí ó ṣe ètò yìí, ohun tí ó sún mọ́ ọn ni ó fún ní àyè. Àwa Kristẹni náà jẹ nínú ojúsàájú yìí: láti 220 dé 289, tiwa ni, àwọn ẹ̀sìn yòókù há sí 290, Ìmàle ní 297, ẹ̀sìn àwọn baba wa ní 299.6.

Síbẹ̀ a kò wà láìsí olùkọ́. Adetowun Ogunsheye, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ní 1973, ni ó dá ilé ìkàwé àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Abadina, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Bí ọmọ bá sì ti ka ìwé tán, tí ipò rẹ̀ kò dá a lójú, kí ó má ṣe fi í sórí pẹpẹ rárá. Kí ó fi í sórí tábìlì, kí olùtọ́jú dá a padà.