Ẹ̀wọ̀n Ló Ṣáájú Ilé Ìwòsàn: Ìtàn Ìtọ́jú Àwọn Tí Oògùn Olóró Mú

Tipẹ́tipẹ́ ni òfin ti ń fìyà jẹ àwọn tó ń lo oògùn olóró ní Nàìjíríà, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ibi tí wọn yóò ti gba ìtọ́jú. Ọdún 1935 ni àwọn amúnisìn ṣe òfin oògùn tó léwu. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni igbó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé àwọn sójà tó ti Íńdíà àti Bọ́mà bọ̀ ló kó o wálé. Òfin ológun ti 1966 ní kí wọ́n pa ẹni tó bá gbìn ín, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21 ó kéré tán. Wọ́n yọ ikú kúrò nínú rẹ̀ ní 1975. Nígbà tó di 1984, ikú tún padà dé, lórí kokéènì àti hẹroíìnì, wọ́n sì yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta l'Ékòó ní oṣù kẹrin 1985.

Abẹ́òkúta ni ọgbọ́n mìíràn ti yọ. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò: aláìsàn ọpọlọ kò sùn sí wọ́ọ̀dù, inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni òun àti ẹbí rẹ̀ ń gbé, yóò wá gba ìtọ́jú, yóò sì padà sáàárín ènìyàn. Tọ́lání Asuni, tóun náà darí Àrò, kọ̀wé ní 1964 lórí igbó àti àìsàn ọpọlọ. Lójú tèmi, kò sí ohun tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn yìí tó abúlé Lambo, torí pé dókítà, ará abúlé àti ẹbí jọ di aláìsàn kan mú.

Wọ́n dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ ní 1989, wọ́n sì fi ìmúni àti ìmọ̀ràn sí ọwọ́ rẹ̀ papọ̀. Ilé ìwòsàn wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìlera. Àjọ NAFDAC ló ń ṣọ́ àwọn apoògùn. Oníkálukú ń ṣe tirẹ̀. Ní 2018 tí ìjọba fòfin de oògùn ikọ́ oníkodéìnì, iléeṣẹ́ apoògùn méjì n'Ílọrin wà lára àwọn tí NAFDAC tì pa fúngbà díẹ̀. Ìwádìí tó jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, ẹnì kan nínú márùn-ún wọn sì ń jìyà rẹ̀ ní ti ìlera. Oṣù kìíní 2023 ni wọ́n tó buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun.

Bí oníkálukú ṣe ń ṣe tirẹ̀ yìí kan ará ìlú kékeré pẹ̀lú: Ìlọrin ni ará Òkè-Ọ̀pin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, ń forí lé bí ọ̀rọ̀ bá le, torí ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn yunifásítì wà. Ọ̀nà jìn, ẹni tí yóò dúró ti aláìsàn yóò sì pa oko tàbí ọjà tì. Ohun tó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ náà kọ́kọ́ ṣe ni kí nọ́ọ̀sì ilé ìlera wọn mọ ẹni tí yóò kọ̀wé sí n'Ílọrin, kí Ìlọrin náà sì mọ ẹni tí yóò máa bẹ aláìsàn náà wò nígbà tó bá padà sílé.