Ẹ̀gbọ́n Fẹlá, àbúrò Fẹlá: ìtàn dókítà méjì àti ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wa

1/ Gbogbo wa la mọ Fẹlá. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì kọjá ní Agége Motor Road, ẹnì kan á ṣáà dárúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin jẹ́ dókítà, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin náà jẹ́ dókítà. Tí ìyá yín bá gbé yín lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọwọ́, ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀. Ẹ jókòó, ìtàn yìí gùn díẹ̀ 🧵

2/ Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa níbí. Ní June 25, 1955, ìjọba Western Region ṣí ilé ìwòsàn kékeré kan sí Ìkẹjà. Ìgbà yẹn, Agége àti Ìkẹjà ò sí lábẹ́ Èkó o, Ìbàdàn ló ń ṣàkóso wa, títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ilé ìwòsàn kékeré yẹn ló dàgbà tó di LASUTH ní 2001.

3/ Àmọ́ bí ilé iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ ní Ìkẹjà, bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ń ya wọ̀lú. Òṣìṣẹ́, alájàpá, oníṣẹ́ ọwọ́, odidi ìdílé nínú yàrá kan. Ọsibítù ńlá dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí ibà mú lóru, tí kò sí owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, kí ni ọsibítù ńlá tó wà lọ́nà jíjìn fẹ́ ṣe fún un?

4/ Ibi tí àbúrò Fẹlá ti wọlé nìyí: Dókítà Beko Ransome-Kútì. Ní 14A, Agége Motor Road, nínú ilé tí Fẹlá sọ ní Kalakuta Republic, Beko ní ilé ìwòsàn kan. Àwọn tálákà àdúgbò ń gba ìtọ́jú níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Orin la máa ń rántí nípa Kalakuta. A kì í rántí pé wọ́n ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀.

5/ February 18, 1977. Àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé náà. Wọ́n lu èèyàn, wọ́n ju ìyá wọn, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ìyá kú ní 1978. Wọ́n sì dáná sun ilé. Ilé ìwòsàn Beko jóná mọ́ ọn. Ọjọ́ kan péré. Gbogbo aláìsàn tó gbójú lé ibẹ̀, ó tán nìyẹn.

6/ Ó yá, ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Olíkóyè Ransome-Kútì, ọdún 1927 ni wọ́n bí i. Dókítà àwọn ọmọdé ni, ó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó. Ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ni pé èéyí, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ló ń pa àwọn ọmọ wa jù. Àwọn àìsàn yìí kì í sábà nílò ọ̀gá dókítà. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́, tó wà nítòsí, tí oògùn wà lọ́wọ́ ẹ̀, lè gba ẹ̀mí ọmọ là. Ní Gbájà, Sùúrùlérè, wọ́n dá irú àwọn nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́.

7/ Ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pàdé ní Alma-Ata, wọ́n fẹnu kò pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò. Ní 1985, Olíkóyè di mínísítà ètò ìlera. Kò fi ọsibítù ńlá ṣáájú o. Ní 1986, ìjọba ìbílẹ̀ 52 ló fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́ọ́dé, èyí tá a mọ̀ sí PHC: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú aláboyún, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Ní 1992, wọ́n dá àjọ ìjọba àpapọ̀ kan sílẹ̀ tí á máa bójú tó o.

8/ Ẹ tún wo èyí. Ní 1992 yẹn kan náà, ìjọba tí ẹ̀gbọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ló ti àbúrò mọ́lé, nítorí Beko ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ọmọ ìyá kan náà! Ọ̀kan wà nínú ìjọba, èkejì wà ní àtìmọ́lé.

9/ Fẹlá kú ní August 2, 1997. Lọ́jọ́ kejì, Olíkóyè pe àwọn oníròyìn, ó sọ ọ́ síta pé àrùn éèdì ló pa àbúrò òun. Nígbà yẹn, ta ló jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹbí ẹ̀? Ó mọ̀ pé ìtìjú náà máa ń dí èèyàn lọ́nà ọsibítù, bíi ti àìlówó gẹ́lẹ́.

10/ Agége òní wá ńkọ́? General Hospital wà ní Orílé-Agége, àwọn PHC náà wà. Ṣùgbọ́n tí ara ọmọ bá gbóná lóru, ibo la kọ́kọ́ ń sáré lọ? Kẹ́míìsì, àbí ọ̀dọ̀ ìyá alágbo. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa ò gbọ́n. Kẹ́míìsì wà nítòsí, kì í tètè tì, ó sì máa ń ta ìwọ̀nba tí owó ọwọ́ ẹni ká. Ìsúnmọ́ tí Beko àti Olíkóyè ń wá, kẹ́míìsì ló ní in báyìí.

11/ Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ilé ẹnì kan ni ilé ìwòsàn Beko dúró lé, ìdí nìyẹn tí iná ọjọ́ kan fi lè pa á run. Olíkóyè gbé tiẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, kó má baà jẹ́ ti ẹnì kan. Kò sí ṣọ́jà tó lè sun ún. Ṣùgbọ́n tí oògùn bá tán tí ẹnikẹ́ni ò béèrè, tí nọ́ọ̀sì bá lọ tí wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ náà ló ń kú. Kò ní lá ẹ̀ẹ́fín kankan tá a máa rí.

12/ Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún irú ìtọ́jú yìí. Owó wa ni. Nítorí náà, iṣẹ́ ilé rèé: PHC wo ló sún mọ́ yín jù? Ṣé nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lóru? Ẹ lọ wò ó. Tí àwọn tó fẹ́ ṣe alága káńsù bá sì tún wá pín ìrẹsì, ìbéèrè tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi wọ́n nìyẹn.