Ọtí Tó Gbó, Ọtí Tó Kan

Ẹ sọ fún Yorùbá tó ń ṣòwò ní Paspanga, láàárín ìlú Ouagadougou, pé ọtí kan ti lo ọdún 30 nínú ìgò, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì kan ni?” Kì í ṣe òpè ló ń bi yín. Ìdí ẹmu la ti kọ́ èdè ọtí, ẹmu kì í sì í dúró de èèyàn. Ti àárọ̀ dùn, ti ìrọ̀lẹ́ ti ń le, ẹmu àná ti fẹ́ kan. Àwọn Mossi tó nilẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí wa lórí èyí: dolo, ọtí ọkà bàbà pupa tí àwọn obìnrin wọn ń pọn, tuntun ni wọ́n ń mu ún, nínú igbá, kó tó di kíkan. Ibi tí ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ̀wé nípa wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé ti máa kọ́kọ́ kọsẹ̀ nìyẹn. Ó ń wá orúkọ rere fún ohun tí etí wa ti dá lẹ́bi.

Àwọn kan á kọ “wáìnì àtijọ́”. Ohun tó ti kọjá lọ là ń pè ní àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ọtí yìí ṣì wà nínú ìgò tó ń yí padà lójoojúmọ́. “Ògbólógbòó” náà kò bójú mu, olè ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Èyí tí mo fara mọ́ ni “gbó”. Iṣu á gbó, àgbàdo á gbó, inú wa á dùn. Aṣọ náà á gbó, a ó sì sọ ọ́ di àkísà. Ẹlòmíì lè ní ojú méjì yẹn ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Lójú tèmi, òun gan-an ló mú un yẹ. Wáìnì tó dáa ń gbó bí iṣu, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, á gbó bí aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Château Latour, oko àjàrà kan ní Pauillac, lẹ́bàá odò Gironde, ní agbègbè Bordeaux. (Ẹ má pe “château” ní ààfin o. Kò sí ọba níbẹ̀, ilé gogoro tó sì wà lóko náà lónìí, ilé ẹyẹlé ni. Ká kọ “ṣàtó”, ká máa lọ.) Lórí òkúta wẹ́wẹ́ ni àjàrà rẹ̀ ti ń hù. Nígbà tí ọtí rẹ̀ ṣì kéré, dúdú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju pupa rẹ̀ lọ, ó sì máa ń gbẹ èèyàn lẹ́nu, tí ahọ́n á máa ha. Ohun tó ti ara èèpo àti kóró àjàrà wá ló ń fà á, pẹ̀lú èyí tó ti ara àgbá igi óákù wá. Tánńìnì ni wọ́n ń pè é, mo sì gbà ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí “kíkorò” kì í ṣe òun: ewúro korò, kì í gbẹ ẹnu. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tánńìnì á máa so mọ́ra, á rì sísàlẹ̀, ọtí á rọ̀ lẹ́nu, àwọ̀ rẹ̀ á sì sún mọ́ ti yangí.

Ohun tó rì náà ti ní orúkọ nílé wa tipẹ́: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣí ìgò tó gbó á kọ́kọ́ gbé e nàró fún bí ọjọ́ kan, á wá rọra máa da ọtí náà sínú ohun mìíràn, tòun ti iná lẹ́yìn ọrùn ìgò, títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi yọjú sí èjìká. Kò lo asẹ́, nítorí náà “sẹ́” kò bá a mu. Ohun tí ológì ń ṣe sí omi orí ògì tó ti silẹ̀ ni. “Da orí rẹ̀” ti tó.

Ọrùn àti èjìká yẹn ń pa owó o. Àwọn tó ń kó irú ìgò bẹ́ẹ̀ jọ máa ń wo ibi tí ọtí dé kí wọ́n tó dá owó lé e. Tó bá wà ní ọrùn, èdídí rẹ̀ ṣì dára. Tó bá ti wálẹ̀ dé àárín èjìká, ẹ̀rù á máa bà wọ́n pé afẹ́fẹ́ ti wọlé, owó náà á sì wálẹ̀.

“Cave” ni Faransé ń pe ibi tí ọtí ti ń gbó, ibi tútù tó wà ní nǹkan bíi 12 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Ouagadougou, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọtí ni “cave”. Mo máa kọ “kááfù” fún ṣọ́ọ̀bù, kí n fi “àjà ilẹ̀” sílẹ̀ fún ibi ìpamọ́. Lóṣù kẹrin, ooru ìlú náà máa ń kọjá 40; ọyẹ́ tún wà, tó ń gbẹ èdídí. Láti ọdún 1954 ni ọkọ̀ ojú irin Abidjan ti ń dé ibẹ̀, ìrìn tó lé ní 1,100 kìlómítà láti etíkun. Ìgò tí ooru bá mú lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò gbó. Ó jinná ni.

Ní ti ipò tí wọ́n ń to wáìnì sí, “oyè” ni kí a lò. Lọ́dún 1855, nítorí ìpàtẹ tí Napoléon Kẹta ṣe ní Paris, àwọn alágbàtà Bordeaux pín wáìnì pupa wọn sí ìsọ̀rí márùn-ún, Latour sì wà lára mẹ́rin tó gba ti kìíní. Ìsọ̀rí kejì ni wọ́n fi Mouton Rothschild sí, ọdún 1973 ló tó gòkè. Ọdún 118! Ọmọ oyè wo ló máa dúró tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa?

Èyí tó rọrùn jù láti túmọ̀ ni ohun tí Faransé ń pè ní “en primeur”: oníbàárà á sanwó nígbà tí ọtí ṣì wà nínú àgbá, ó di bí ọdún méjì kó tó gba ìgò. Àwọn ìyá wa lọ́jà ti ní “àsansílẹ̀” tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 2012, Latour kéde pé òun kò ní ta ọtí ní àsansílẹ̀ mọ́. Àjà ilẹ̀ òun ni yóò máa wà títí òun yóò fi rí i pé ó gbó tó. Gbogbo ìkéde yẹn la lè fi Yorùbá kọ láìyá ohunkóhun lọ́wọ́ Faransé, àyàfi orúkọ ṣàtó náà.