Ikú Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Nínú Ìtàn, Lórí Ìtàgé àti Lójú Pópó Ìbàdàn

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ni àwọn àgbà máa ń wí. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwa olùkọ́ gbójú lé nígbà tí a bá ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde kúrò nínú kíláàsì lọ sí ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Ní ìhà gúúsù Èkìtì, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òrìṣà ni a fẹ́ kọ́ wọn, ẹsẹ̀ òkè Ọlọ́sunta ní Ìkẹ́rẹ́ ni a ó gbà. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọnà ni, a ó dé Ìsẹ̀, ìlú tí Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére gbé, tàbí ààfin Ògògà tí ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà ti wà ní London láti ọdún 1924. Ṣùgbọ́n irú ìrìn kan wà tí ó gba ìṣọ́ra ju ìwọ̀nyí lọ, èyí ni ìrìn tí a fi ń tọ ipasẹ̀ ọ̀ràn: ibi tí a ti pa ènìyàn, ilé ẹni tí ó rán apànìyàn níṣẹ́, ibi tí a ti dá ẹjọ́ náà. Irú ìrìn yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé ó kan ìwé tí a ń kọ́ àwọn ọmọ àti ìdánwò tí a ń ṣe fún wọn.

Àwọn ará London ti sọ ọ́ di òwò. Ní agbègbè Whitechapel, ní ìlà-oòrùn ìlú náà, a pa obìnrin márùn-ún láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá ọdún 1888. A kò mú ẹni tí ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n ìnagijẹ tí a fún un, Jack the Ripper, kò tíì parẹ́ títí di òní. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn afinimọ̀nà a máa kó èrò tí ó ti sanwó gba àdúgbò náà kọjá, wọn a máa dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ibi tí a ti rí òkú. Orúkọ apànìyàn ni wọ́n fi ń polówó. Orúkọ àwọn tí ó kú, Mary Ann Nichols, Annie Chapman, Elizabeth Stride, Catherine Eddowes àti Mary Jane Kelly, kì í sábà bá èrò délé. Ní ọdún 2015, ilé kan ní òpópónà Cable tí a ti gba àṣẹ lé lórí pé yóò jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ìtàn àwọn obìnrin ṣàdéédé di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé apànìyàn yìí, àwọn ènìyàn sì fárígá. Ní ọdún 2019 ni Hallie Rubenhold gbé ìwé rẹ̀, The Five, jáde, nínú èyí tí ó ti sọ bí àwọn obìnrin márààrún ṣe gbé ilé ayé, tí kò sì fi ìtàn náà fún ẹni tí ó pa wọ́n. Mo mẹ́nu ba London nítorí pé àwa náà ní Whitechapel tiwa. Ìbàdàn ni ó wà.

Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó fi kọ eré-onítàn, ó fi gba ẹ̀bùn nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá, a sì tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1970. Láti ìgbà náà ni a ti ń kà á ní ilé ẹ̀kọ́, tí a ń ṣe é lórí ìtàgé, tí a sì ti fi ṣe sinimá. Nínú eré náà, ọmọ bíbí kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán ní kú sórí ìkúnlẹ̀. Ìbànújẹ́ yìí sọ ọ́ di ìkà: ẹrú rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹni tí ó bá sì lóyún, orí rẹ̀ ni yóò fi dí i. Adétutù lóyún, a sì bẹ́ ẹ lórí. Nígbà tí ó yá, Látòósà àti àwọn ará ìlú borí Ìyálóde, a mú un lẹ́rú, òun fúnra rẹ̀ sì gbé májèlé jẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wo eré yìí rí mọ bí òǹwòran ṣe máa ń hó yè nígbà tí ọwọ́ bá tẹ obìnrin náà.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó ṣe kú.

Ohun tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sílẹ̀ yàtọ̀ gédégédé. Ó yẹ kí a rántí ẹni tí Johnson í ṣe kí a tó gba ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọdún 1858 ni ó bá David àti Anna Hinderer wọ Ìbàdàn nígbà tí ó ṣì kéré, láti ọdún 1866 ni ó sì ti ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1874, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, bí tèmi àti tìrẹ, inú ìlú náà ni ó sì ń gbé. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù sí ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé, ó kú ní ọdún 1901, àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson ni ó tún un tò tí ó fi jáde ní ọdún 1921.

Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti wí, ẹ̀sùn mẹ́ta ni Àrẹ Látòósà fi kan Ìyálóde: kò bá òun lọ sí ogun; kò fi nǹkan ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ nígbà tí òun wà lójú ogun; kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú aboyún nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí a fi ojú inú wò ó dáadáa. Oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó di ọlọ́rọ̀ ní Ìbàdàn, tí ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn olóyè ogun, àwìn ni púpọ̀ nínú wọn sì ń rà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, fi hàn pé ìjà òṣèlú ni ìjà òun àti Látòósà: ó ti sú Ìyálóde láti máa bọ́ ogun tí kò ní òpin. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè tí ó sì kọ̀ láti tún wín ni, kì í pẹ́ di ọ̀tá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1874 ni a gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀, ó san owó ìtanràn, ó fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, kò gbà. Bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni: Kúmúyìlọ, tí ó fi ṣe ọmọ, ni a fi owó yí lọ́kàn padà. Ní òru ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, ẹrú méjì gba orí àjà sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá tí ó sùn sí, wọ́n sì fọ́ ọ lórí pa. (Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969 fún àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn ọ̀daràn, ní ilé Ẹfúnṣetán, àjà gan-an ni ó lẹ́rù.) Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo tí àwọn olóyè sì wádìí rẹ̀, àwọn ẹrú méjèèjì ni a pa. Ọwọ́ òfin kò dé ọ̀dọ̀ Látòósà. Ó ṣe olórí Ìbàdàn fún ọdún mọ́kànlá sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ sọ Ẹfúnṣetán di ẹni mímọ́. Johnson kan náà ni ó kọ ọ́ pé lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún 1860, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìyà jẹ àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó bá lóyún kí oyún náà lè bà jẹ́, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí i. Nítorí náà Ìṣọ̀lá kò hùmọ̀ ìwà ìkà náà láti inú afẹ́fẹ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi ọ̀ràn kan bo òmíràn mọ́lẹ̀: ọ̀ràn tí Ìyálóde ṣẹ̀ wà lójú ìtàgé, ọ̀ràn tí a ṣẹ Ìyálóde ti kúrò níbẹ̀. Òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ sí èyí. Afinimọ̀nà kò ní i, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kò ní i.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí mo ti fi etí ara mi gbọ́. Nígbà tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìbàdàn, ọkùnrin kan tí ó ń fi ìlú hàn wá ń sọ eré náà fún wọn bí ẹni pé àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ni, láti orí Adétutù títí dé orí májèlé. Àwọn ọmọ ń mi orí, nítorí ohun tí wọ́n kà nínú ìwé ni wọ́n ń gbọ́. Nígbà tí a padà délé, méjì nínú wọn kọ ọ́ sínú àròkọ pé àwọn ti rí àdúgbò tí Ẹfúnṣetán ti gbé májèlé jẹ. Àfojúbà náà wá burú ju ìròyìn lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fúnra mi ṣe afinimọ̀nà. Kúdẹtì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn Hinderer gbé, kí àwọn ọmọ lè mọ ẹni tí ó ń jẹ́rìí kí wọ́n tó gbọ́ ẹ̀rí. Láti ibẹ̀ a ó gba Arẹ́mọ, a ó sì gun òkè Mápó. Orí òkè yìí ni mo ti ń ní kí wọ́n fi ojú inú ṣí nǹkan kúrò: gbọ̀ngàn Mápó, ọdún 1929 ni a ṣí i, ilé gogoro Bower tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán ní Òkè Àrẹ, ọdún 1936 ni a kọ́ ọ, páànù orí ilé, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀, ẹ fi koríko bò ó. Lẹ́yìn náà ni mo ń ṣe àlàyé àjà fún wọn, nítorí pé ọmọ tí a bí sí abẹ́ síléǹdì kò mọ bí ènìyàn méjì ṣe lè ba sórí yàrá. Igi líle tí a tò, tí a fi amọ̀ rẹ́ ní orí, kí iná má baà dé ẹrù bí koríko òrùlé bá jó: ibi ìpamọ́ ni, ó sì gba ènìyàn. Bí wọ́n bá ti lóye èyí, wọn kì í gbàgbé òru náà mọ́. A ó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, a ó sì parí sí Òkè Àrẹ. Ère Ìyálóde tí ó wà ní oríta Challenge, inú ọkọ̀ ni a ti ń wò ó bí a bá ń lọ.

Ọmọbìnrin kan láti Emùré ni ó bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí lójú ọ̀nà yìí: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, níbo ni wọ́n ti kó àwọn ẹrú náà wá?" Johnson sọ pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ẹrú ni Ẹfúnṣetán ní ní oko nìkan, láìka àwọn ti ilé. Ogun ni ó ń kó ẹrú wọ Ìbàdàn ní ayé ìgbà náà, ilẹ̀ Èkìtì àti ti Ìjẹ̀ṣà sì wà lára ibi tí ogun náà ti ń kó wọn. Àwọn ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré tí ó dúró níwájú mi lọ́jọ́ náà lè jẹ́ ẹbí ẹni tí ó ro oko náà, tàbí ti aboyún tí ó kú síbẹ̀, tàbí ti ọ̀kan nínú àwọn méjì tí a ní kí wọ́n pa olówó wọn, tí a sì pa wọ́n torí pé wọ́n jẹ́ iṣẹ́ náà. Nínú eré, Ìṣọ̀lá fún ẹrú ní orúkọ, ó fún un ní olólùfẹ́, ó jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ìpànìyàn náà, ẹrú méjì ni wọ́n, ó parí. Ní apá yìí, eré sàn ju ìtàn lọ, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí mo ní fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ó ń ṣe olùdánwò. Bí a bá bèèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe àlàyé ikú Ẹfúnṣetán, a gbọ́dọ̀ kọ "nínú eré-onítàn yìí" sínú ìbéèrè náà, kí máàkì sì tẹ̀ lé ohun tí ó wà nínú ìwé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi kún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí nínú ìtàn, tí ó sì mọ ìdí, kí a má ṣe fi pẹ́ńsùlù pupa fa ìlà sí i pé ó ya kúrò lórí ọ̀rọ̀. Mo ti rí ibi tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a máa bi wọ́n ní kíláàsì kẹta àgbà: kí ni òǹkọ̀wé rí jèrè nínú yíyí ikú náà padà? Ẹni tí ó bá lè dáhùn rẹ̀ ti kọ́ nípa eré àti nípa ìtàn. Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí I. B. Akínyẹlé tẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1911 yẹ ní ibi ìkàwé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa, kí ó lè jẹ́ pé èdè Yorùbá náà ni a ó fi ka ìtàn ìlú yìí, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ní Òkè Àrẹ, àwọn ọmọ máa ń fẹ́ mọ bí Látòósà ṣe parí. Láàárín ọdún mẹ́rin sí ikú Ìyálóde, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti dìde sí Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì. Àrẹ fúnra rẹ̀ kó ogun lọ, ibùdó ogun ni ó sì kú sí ní ọdún 1885, ọdún kan kí a tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Bí owó ọkọ̀ bá tó ní ọdún tí ń bọ̀, a ó gba ọ̀nà yẹn padà sílé, láti Òkè Àrẹ dé Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé.