Nígbà Tí Ìwọ̀n Oògùn Ìsoríkọ́ Bá Yí Padà

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, àwọn ará kan wà tí wọ́n ń lo oògùn ìsoríkọ́, bí wọn kò tilẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí dókítà bá fi kún ìwọ̀n oògùn náà, tàbí tí ó bá dín in kù, ni ara sábà máa ń ni wọ́n jù. Ẹ̀rù lè ba aláìsàn, kí àwọn ẹbí sì máa wá ohun tí ó fà á sí ibi tí kò sí. A kọ àpilẹ̀kọ yìí kí aláìsàn, ìdílé rẹ̀ àti àwọn olùṣọ́-àgùntàn lè mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, àti ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tí ó ń fa ìnira náà

Oríṣiríṣi ni oògùn ìsoríkọ́. Amitriptyline àti imipramine wà lára àwọn tí ó ti pẹ́. Fluoxetine, sertraline, escitalopram àti paroxetine jẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Venlafaxine àti duloxetine sì sún mọ́ wọn. Orí àwọn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, irú bíi serotonin, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n tí ọpọlọ ń rí lójoojúmọ́ máa ń mọ́ ọn lára. Bí ìwọ̀n náà bá yí padà, ọpọlọ nílò àkókò láti tún ara rẹ̀ tò, inú àkókò yìí sì ni ìnira ti máa ń yọjú.

Bí dókítà bá fi kún un

Èébì lè máa gbé ènìyàn, orí lè máa fọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ lè gbẹ, ó lè máa làágùn, ó lè ṣe ìgbẹ́ gbuuru, oorun lè dá lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ohun tí ó ń dán sùúrù wò ni pé ìnira sábà máa ń ṣáájú ìtura: ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ 6, kí ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti pa oògùn tì nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àwọn ohun kéékèèké wà tí ó lè mú kí àkókò yìí rọrùn:

- Bí èébì bá ń gbé ọ, lo oògùn náà pẹ̀lú oúnjẹ.
- Bí ó bá ń lé oorun lọ, béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá o lè máa lò ó láàárọ̀. Bí ó bá ń kun ọ́ ní oorun, bí amitriptyline ti sábà máa ń ṣe, alẹ́ ló dára jù.
- Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, rọra dìde lórí ibùsùn. Má ṣe wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà títí ara rẹ yóò fi balẹ̀.
- Bí o bá gbàgbé oògùn lọ́jọ́ kan, má ṣe lo ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì.

Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ tún lè dín kù. Èyí kì í fìgbà gbogbo lọ fúnra rẹ̀, nítorí náà kí ojú má ṣe ti tọkọtaya láti sọ ọ́ fún dókítà, nítorí ó lè yí ìwọ̀n oògùn náà tàbí oògùn náà fúnra rẹ̀ padà.

Bí dókítà bá dín in kù

Níhìn-ín, òòyì, àìróorunsùn, ẹkún, ìbínú òjijì àti ìrora ara bíi ti ọ̀fìnkìn lè wáyé. Àlá lè lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn á fi ta jí. Àwọn mìíràn máa ń sọ pé ó dà bí ẹni pé iná mànàmáná ń gbọ̀n wọ́n lórí. Ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet Psychiatry gbé àkójọ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2024: nínú ènìyàn 6 tàbí 7 tí ó dá oògùn wọ̀nyí dúró, nǹkan bí ẹnì 1 ni dídá a dúró mú irú ìnira bẹ́ẹ̀ bá, nǹkan bí ẹnì 1 nínú 35 ni ó sì le fún gan-an. Paroxetine àti venlafaxine tètè ń kúrò lára, nítorí náà ìnira tiwọn lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fluoxetine máa ń pẹ́ lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí ẹnì kan bá sọ pé nǹkan ń gbọ̀n òun lórí, tí àlá burúkú sì ń jí i, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ọ̀tá ń lépa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: “Ǹjẹ́ o dín oògùn rẹ kù láìpẹ́ yìí?” Ìbéèrè kan yìí lè gba ìdílé lọ́wọ́ ìpayà ńlá.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ bóyá àìsàn náà ló ń padà. Ìnira tí oògùn dídínkù ń fà máa ń tètè dé, ó sì máa ń tètè rọlẹ̀ bí a bá padà sí ìwọ̀n àtẹ̀yìnwá. Ìsoríkọ́ tí ó ń padà sábà máa ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìlànà tí àjọ NICE gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2022 sọ pé kí a máa dín oògùn wọ̀nyí kù ní ìpele-ìpele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan sì máa kéré sí i bí a ti ń sún mọ́ òpin. Ìdí ni pé ìwọ̀n kékeré pàápàá ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú ọpọlọ: láti 10 mg sí òfo lè ni ara ju láti 20 mg sí 10 mg lọ. Bí ara kò bá gbà á, kí a padà sọ́dọ̀ dókítà kí ó lè mú un lọ́ra sí i. Má ṣe gé tàbí kí o lọ oògùn tí wọ́n ṣe kí ó máa tú díẹ̀díẹ̀ sínú ara. Lẹ́yìn tí ara bá yá tán pàápàá, àwọn dókítà sábà máa ń gbani níyànjú láti máa lo oògùn náà nìṣó fún ó kéré tán oṣù 6.

Ààwẹ̀, àgbo àti oògùn mìíràn

Ààwẹ̀ kò béèrè pé kí a dá oògùn dúró. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni a ń lo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Dókítà lè gbé e sí àkókò ìṣínu. Má ṣe pa oògùn yìí pọ̀ mọ́ ọtí, tàbí mọ́ àgbo tí o kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Tramadol léwu púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ń mú kí serotonin pọ̀ sí i. Ibuprofen àti aspirin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dà lára ẹni tí ń lo irú sertraline tàbí fluoxetine.

Ìgbà tí kò yẹ kí a dúró

Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí:

- ó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí tí ó ń wá ọ̀nà láti pa ara rẹ̀. Ẹ ṣọ́ àwọn tí kò tíì pé ọdún 25 lójú méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan;
- ara rẹ̀ bá ń gbóná, tí ó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́;
- kò bá sùn fún ọjọ́ mélòó kan síbẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò dín kù, tí ó ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, tí ó ń náwó bí ẹlẹ́dàá;
- gìrì bá mú un, tàbí tí àgbàlagbà ṣàdédé dàrú lọ́kàn.

Ipa tiwa

Dókítà Thomas Adeoye Lambo, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1954, ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé oògùn nìkan kò tó, ènìyàn ni aṣọ ẹni. Bákan náà ni iṣẹ́ wa lónìí. Kí olùṣọ́-àgùntàn gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti da oògùn nù. Kí àwọn tí ń bójú tó owó ìrànlọ́wọ́ nínú ìjọ rántí pé ẹni tí kò rówó ra oògùn ti dá a dúró lójijì ní tipátipá. Kí wọ́n bá a wá a kí ti ọwọ́ rẹ̀ tó tán. Kí ẹnì kan nínú ilé sì ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ọjọ́, ìwọ̀n oògùn àti bí ara ti rí sí. Bí dókítà bá rí ìwé yìí, yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀.